Òfin Mọ Olóhun, Ìlànà Mọ Iṣẹ́: Lámèyítọ́ lórí Òfin Ààbò Dátà 2023 àti IATF 16949

Ìwé méjì ni a gbé síwájú níhìn-ín, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn yóò sọ pé wọn kò bá ara wọn tan. Àkọ́kọ́ ni Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ìkejì ni IATF 16949, ìwé ìlànà iṣẹ́ ojúlówó tí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńláńlá lágbàáyé gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa ṣe páàtì fún wọn. Òfin ìjọba ni ti àkọ́kọ́, dandan ni fún ẹni tó bá kàn. Àdéhùn oníṣòwò ni ti ìkejì: kò pọn dandan kí o tẹ̀lé e, o kàn lè má rí ọjà tà ni. Síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, pé kí ohun tó máa pa ẹlòmíràn lára má ti ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jáde. Àwọn tó ti ń ka irú ìwé báyìí bọ̀ gbà pé ohun méjì ni èyí tó dára nínú wọn gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹni tí ìpalára yóò dé bá, àti ibi tí ọwọ́ ti máa ń yẹ̀. Nínú àwọn méjì tó wà níwájú wa, ọ̀kan mọ ti àkọ́kọ́, èkejì mọ ti ìkejì.

A mọ̀ọ́mọ̀ gbé wọn wá sí Amùkòkò ni. Àdúgbò yìí kò jìnnà sí Oríilé, ó fara kan Ìjọrà Badia àti Ajégúnlẹ̀, èbúté Àpápá àti ti Tin Can sì wà nítòsí, tó fi jẹ́ pé mọ́tò tòkunbọ̀ tí yóò lọ di danfo ní ìgboro Èkó kì í pẹ́ kó tó kan ilẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátà àwọn èèyàn ṣe ń kọjá lórí tábìlì onísíìmù, oníPOS àti oní-fọ́tòkópì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìwé tí kò bá lè dúró lórí tábìlì onígi lábẹ́ agbòjò ní òpópónà Cemetery, a kò lè ní ó ti parí, bó ti wù kó dán tó ní Àbújá tàbí ní Jámánì.

Ohun tó kọ́kọ́ wú wa lórí nínú òfin náà ni pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Abala 24 ní ẹni tó bá gba dátà èèyàn gbọ́dọ̀ gbà á fún ohun kan pàtó, kó má gbà ju èyí tó nílò lọ, kó má sì fi pamọ́ kọjá ìgbà tó wúlò. Abala 26 tún wá sọ ọ́ gan-an: ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹni tó mọ bí àwọn áàpù ayánilówó kan ṣe ń wọ inú fóònù, tí wọ́n ń kó nọ́ńbà àna, nọ́ńbà ọ̀gá, nọ́ńbà aládùúgbò, tí gbèsè bá sì lé díẹ̀ tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé olè ni onítọ̀hún, yóò mọ̀ pé gbólóhùn kékeré yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àna ẹni kò yá owó. Kò síbi tó ti gbà kí wọ́n fi nọ́ńbà òun dógò. Òfin yìí rí àna yẹn, ó sì kà á sí olóhun. Láti abala 37 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, títí dé ìlànà NDPR tí àjọ NITDA gbé jáde ní oṣù kìíní 2019, a kò rí ibi tí Nàìjíríà ti sọ ọ́ tó báyìí.

Òfin náà tún fi kún un pé òun kan ìlò dátà, yálà ẹ̀rọ ló ṣe é tàbí ọwọ́. Ẹni tó ń ra àkàrà láàárọ̀ ní àdúgbò wa ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ẹ tú bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn. Epo ti rin ín, àmọ́ orúkọ ọmọ ilé-ìwé kan ṣì hàn gedegbe lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀, àti ojú ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò pélébé mọ́ ọn. Ọ́fíìsì kan ni bébà yìí ti jáde wá. Wọ́n dì í pọ̀ tà ní kílò kílò, bó ṣe dé ọwọ́ alákàrà nìyẹn. Alákàrà kò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó já wọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Lójú òfin yìí, wọ́n ti tú àṣírí ọmọ yẹn síta, ọ́fíìsì yẹn ló sì máa dáhùn fún un. Ẹni tó kọ irú gbólóhùn yìí mọ ìlú tó ń kọ̀wé fún, àbí kó jẹ́ pé oríire ló ṣe.

Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ oríire, nítorí ìyókù ìwé náà kò jọ ti ẹni tó wo ìlú kó tó kọ̀wé. Ẹni tó bá ti ka òfin GDPR ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2018, yóò mọ ibi tí wọ́n ti gé aṣọ yìí. Ẹ̀bi ibẹ̀ ni pé wọn kò wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Abala 39, tó yẹ kó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, ní kí onídátà, ìyẹn ẹni tó ń gba dátà èèyàn, gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, ní ti ẹ̀rọ àti ní ti ètò. Ó wá ka díẹ̀ lára wọn: kí wọ́n pa ojú orúkọ dà, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ti dátà pa, kí wọ́n máa dán ààbò náà wò lóòrèkóòrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìwé eksasáìsì, kò sí ti àdìpọ̀ fọ́ọ̀mù tó kún inú gáréèjì, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ló ní ọwọ́ àti ẹ̀rọ dọ́gba. Ìwé tó bá ṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wọlé. Ní ti èdè, àìlera rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ bíi "tó yẹ" àti "láìfi falẹ̀" pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò mọ bí a ṣe ń jẹun lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń forúkọ síìmù sílẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ní kóun ṣe lọ́la. Ó sì ní kí ẹni tó ń gba dátà bá olóhun sọ̀rọ̀ ní èdè tó rọrùn. Kò bá wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ṣí IATF 16949. Ìtàn rẹ̀ kò gùn, àmọ́ ó sọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi já gaara bẹ́ẹ̀. Ní 1994, Chrysler, Ford àti General Motors ní QS-9000 tiwọn. Jámánì ní VDA 6.1, Faransé ní EAQF, Ítálì ní AVSQ. Ẹni tó ń ṣe bóòtì kan ṣoṣo lè rí ọ́dítọ̀ mẹ́rin gbà lálejò lọ́dún kan, kí kálukú wọn máa béèrè ohun kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀. Ìyà yẹn ló bí ISO/TS 16949 ní 1999, òun ló sì di ìwé tó wà lọ́wọ́ wa yìí ní 2016. Nígbà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní 1975, tí mọ́tò Ìjàpá wọn kún títì Èkó, kò tíì sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Àwọn tó kọ IATF 16949 ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rí, wọ́n ti rí mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀, wọ́n sì ti tọpasẹ̀ rẹ̀ padà sí ọwọ́ ẹnì kan, ní ọjọ́ kan, ní wákàtí kan.

Irinṣẹ́ wọn tó ṣe pàtàkì jù lójú wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní FMEA. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, wọ́n á sì bi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: bó bá bàjẹ́ níbí, báwo ni yóò ṣe burú tó? Báwo ló ṣe lè máa ṣẹlẹ̀ léraléra tó? Ṣé a ó rí i kó tó jáde? Wọ́n á fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10, 10 ló burú jù. Tẹ́lẹ̀, wọn a máa sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lọ́nà ara wọn. Láti 2019 ni ìwé ìtọ́ni tí AIAG àti VDA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, jọ kọ ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí ìpalára náà ṣe lágbára tó, kí ìyókù tó tẹ̀lé e. Àtúnṣe ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká fi wọn tábìlì onísíìmù kan ní Boundary. Oníbàárà dé, ó mú bébà NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wá. Ìgbésẹ̀ kìíní: ọmọ iṣẹ́ gba bébà náà. Èkejì: ó fi fóònù ara rẹ̀ yà á ní fọ́tò, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró, ó fẹ́ ṣe é tó bá padà. Ẹ̀kẹta: ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà náà sínú eksasáìsì. Ẹ̀kẹrin: ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkarùn-ún: síìmù ṣiṣẹ́, oníbàárà lọ, fọ́tò kù sínú fóònù méjì, eksasáìsì kù sórí tábìlì. Fún ìgbésẹ̀ kejì nìkan, àwa á fún ìpalára ní 9, nítorí pé ẹni tó bá ní NIN èèyàn lè fi orúkọ rẹ̀ dá ọ̀ràn. A ó fún ìṣẹ̀lẹ̀ ní 8, nítorí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró ni kò wọ́pọ̀. Rírí rẹ̀ á sì gba 10, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wo inú fóònù ọmọ iṣẹ́. Ní ìṣirò ti tẹ́lẹ̀, 720 nìyẹn nínú 1000. Ilé-iṣẹ́ páàtì tó bá rí irú máàkì yìí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ rárá. Abala 28 nínú òfin ní irú àyẹ̀wò tirẹ̀, tó ní kí wọ́n gbé ewu yẹ̀ wò ṣáájú, ṣùgbọ́n odidi ètò ló ń wò lápapọ̀, kò sọ ọ́ di ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá fi ti òfin wo tábìlì yìí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu wà, yóò sì tọ̀nà. Ẹni tó bá fi ti ìlànà wò ó yóò sọ pé fóònù ọmọ iṣẹ́ ni.

Ibòmíràn tí ìlànà ti fi ọgbọ́n ju òfin lọ ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Abala 5.3.2 nínú IATF 16949 ní ẹni tó ń mójú tó bí ọjà ṣe rí gbọ́dọ̀ ní agbára láti dá iṣẹ́ dúró, kó sì dá ọjà tó fẹ́ jáde dúró, ó sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ṣíìfù, òru àti ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n gbọ́dọ̀ wo àkókò tí ṣíìfù kan ń gbé iṣẹ́ fún èkejì pẹ̀lú. Ẹ wo bí ìyẹn ti jinlẹ̀ tó: lórí tábìlì tí a ń sọ yìí, ìgbà tí ọ̀gá bá lọ kírun tàbí tó lọ jẹun ni ohun tó burú jù máa ń ṣẹlẹ̀. Abala 32 nínú òfin dá ipò ọ̀gá ààbò dátà sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo dátà púpọ̀. Ó ní kó máa gbani nímọ̀ràn, kó máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé òfin, kó jẹ́ ẹni tí Kọmíṣọ̀n tó ń mójú tó òfin náà máa kàn sí. Kò ní kó dá ohunkóhun dúró. A kò fojú kéré ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹni tó rí iná tó kàn ń gbani nímọ̀ràn, ìwé ìròyìn ló ń kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ti ta ọkàn wa fún ìlànà àwọn onímọ́tò. Àbùkù rẹ̀ pọ̀, díẹ̀ nínú wọn kò sì ṣe é fojú fò. Wọn kò tẹ odidi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kan. Àfikún nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ tún ra ISO 9001 ti 2015, kó gbé méjèèjì ka iwájú, kó máa ṣí èyí kó máa ṣí tọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló ku àwọn àlàyé tí wọ́n ń fi tún un ṣe lẹ́yìn títẹ̀. Ìwé tó ń wàásù pé kí iṣẹ́ wà létòlétò ni o! Owó ni wọ́n sì fi ń rà á, bẹ́ẹ̀ òfin wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Àbùkù tó jinlẹ̀ jù ni pé oníbàárà nìkan ló mọ̀. Oníbàárà lójú rẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ mọ́tò tó ń ra páàtì, kì í ṣe ẹni tó jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Takata ta ẹ̀rọ báàgì afẹ́fẹ́ fún Honda, fún Ford, fún BMW. Ford àti BMW wà lára àwọn tó ni ìlànà yìí. Ní oṣù kejì 2017, Takata gbà nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé àwọn parọ́ lórí àbájáde àyẹ̀wò báàgì náà. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú báàgì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà. Kò sí ìwé tó lè dá ẹni tó ti pinnu láti parọ́ dúró, a gbà. Ẹjọ́ tiwa ni ti lẹ́yìn náà. Mọ́tò kan tí wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà, tí olówó rẹ̀ kò dá lóhùn, lè gba Tin Can wọlé kó di tiyín ní Amùkòkò, kò sì sí gbólóhùn kan nínú ìlànà yẹn tó rí yín. Ẹ kì í ṣe oníbàárà ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín ni òfin ti gbé ògo wálẹ̀: ẹni tí dátà rẹ̀ bá dọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbáà ra nǹkan ìbáà má rà, òfin mọ̀ ọ́n. Abala 46 fún un láyè láti lọ fẹjọ́ sun Kọmíṣọ̀n, abala 51 fún un láyè láti gbé onítọ̀hún lọ sílé ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn méjèèjì tako ara wọn pátápátá níbì kan, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìlànà ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ páàtì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ń ṣe é, àti ìgbà tí wọ́n bá fi ń tà á fún àtúnṣe, kí wọ́n tún fi ọdún kan lé e. Òfin ní bí iṣẹ́ bá ti parí, kí dátà kúrò nílẹ̀. Ìdí wà fún ti kálukú: bóòtì tó já lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nílò ẹ̀rí, NIN tó wà nínú eksasáìsì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò nílò nǹkan kan ju iná lọ. Àwa fara mọ́ òfin lórí èyí fún tábìlì Amùkòkò. Ohun tí a fi dá a lẹ́bi ni pé ó sọ pé kó kúrò, kò sọ bí.

Ní ti ìjìyà, òfin kò mú eré. Ẹni tó bá kà sí onídátà pàtàkì lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní oṣù keje 2025, Kọmíṣọ̀n bu 766,242,500 náírà lé MultiChoice Nigeria. Owó báyìí ń dẹ́rù ba àwọn tó ní ilé gíga. Ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí Paradigm Initiative kéde pé wọ́n ń ta NIN èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà, tí NIMC, àjọ tó ń tọ́jú NIN, sì ní ilé àkójọ tòun kò jò, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ilé gíga kankan tí aráàlú lè tọ́ka sí. Ìtọ́sọ́nà tí Kọmíṣọ̀n gbé jáde ní oṣù kejì 2024 ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ débi pé ẹni tó bá lo dátà èèyàn tó ju 200 lọ láàárín oṣù mẹ́fà ti di onídátà pàtàkì, kó wá san 10,000 náírà kó forúkọ sílẹ̀. Onísíìmù tó mọ́wọ́ kì í pẹ́ kó tó kọjá 200. Àwọ̀n yìí fẹ̀, ó sì tọ́. Ẹni tó máa fà á ni kò tó.

Ohun kan náà la ní í sọ nípa wákàtí 72 tí abala 40 fún onídátà láti lọ sọ fún Kọmíṣọ̀n pé dátà ti jò. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe. Ìlànà kò dúró síbẹ̀: ó ní kí wọ́n wá ohun tó fà á dé gbòǹgbò, kí wọ́n padà lọ yí ìwé FMEA náà padà, kí wọ́n wo ibòmíràn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà bóyá àìsàn kan náà ń ṣe é. Iṣẹ́ tí òfin ń pè ní àtúnṣe ni ìlànà ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìmúṣẹ tí Kọmíṣọ̀n gbé jáde ní oṣù kẹta 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ti kó NDPR àtijọ́ kúrò nílẹ̀, nítorí náà aráàlú kò ní máa ka ìwé méjì fún òfin kan mọ́. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, àwọn onímọ́tò ì bá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ní ìdájọ́ tiwa, òfin ló níyì jù ní ète, ìlànà ló mọṣẹ́ jù. Bí àwọn aṣòfin bá tún fẹ́ jókòó ti Òfin 2023, abala 39 ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú palẹ̀ kí wọ́n tún un kọ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí wọ́n sì fún ọ̀gá ààbò dátà inú abala 32 ní agbára láti dá iṣẹ́ dúró. Abala 26, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.